Ọ̀gá Àmì àti Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lámì

Ọ̀gá Àmì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé ó ní àmì lójú. Àmì tí wọ́n ń wí ni èyí tí ó máa ń fà sára ìwé ńlá kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ìlà kan fún ìwà rere, ìlà kan fún ìwà burúkú, nítorí iṣẹ́ tí ó yàn láàyò ni pé kí ó máa tún ìwà ọmọ ènìyàn ṣe. Yàrá méjì ló gbà ní òkè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ó sì gbé pátákó kọ́ sí ẹnu àtẹ̀gùn: ILE ITUNWASE, OMODE ATI AGBA. Bí ẹ ṣe rí i yìí gẹ́lẹ́ ló wà lára pátákó. Ẹni tó bá a kọ pátákó náà bi í pé, "Ọ̀gá, àwọn àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ ńkọ́?" Ó dá a lóhùn pé, "Ta ló fẹ́ kà á tí kò ní mọ ohun tó wà níbẹ̀? Kun ọ̀dà rẹ, jàre."

Ọdún méjìlélógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó dé orí iṣẹ́ tuntun yìí. Nínú ọdún méjìlélógún náà, ohun tí ó mọ̀ nípa ọmọdé kò ju pé wọ́n ń pariwo lọ. Ìgbà tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ni wọ́n kó òun àti àwọn olùkọ́ mìíràn lọ síbi ẹ̀kọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ ìdí ìwà, tọmọdé tàgbà, àti bí a ṣe ń yí i padà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ irun gígẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọ̀gá rẹ̀ tó fi orí ènìyàn lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí gba ìwé ẹ̀rí tó ní èdìdì pupa, ó fi gíláàsì sí i níwájú, ó sì fi ẹ̀kọ́ ìṣirò sílẹ̀.

Kí a má purọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ náà, kò burú. Àwọn tó kọ́ wọn sọ fún wọn pé kò sí ìwà tí kò nídìí. Pé kí a tó pe ọmọ ní olórí kunkun, kí a kọ́kọ́ wo ohun tó ṣáájú ìwà náà àti ohun tó tẹ̀ lé e. Pé kí a fara balẹ̀ wò, kí a fetí sílẹ̀, kí a bèèrè. Ìdajì ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ìdajì kejì ni kíka, àmì fífà, àti ẹ̀bùn kékeré fún ẹni tó bá ṣe dáadáa. Ìdajì kejì yìí nìkan ni Ọ̀gá Àmì gbé wálé. Wíwò àti gbígbọ́ máa ń gba àkókò. Àmì fífà kì í gbà ju pẹ́ńsù.

Bọ́tìnì ló fi ń ṣe ẹ̀bùn. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, bọ́tìnì sì pọ̀ nílé wọn ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó bá hùwà rere gba bọ́tìnì kan, ẹni tó bá ṣẹ̀ dá ọ̀kan padà. Ẹni tó bá ní mẹ́wàá, a ṣe ohun tó wù ú fún un. Ní ti ìwà tí kò bá fẹ́, ó ní oògùn kan tó fẹ́ràn jù: kí a má wò ó, kí a má gbọ́ ọ, kí a má dá a lóhùn, títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ara ìyàwó rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dán an wò. Bí obìnrin náà bá ti ń kùn pé òrùlé ń jò tàbí pé ẹ̀rọ ìránṣọ ń fẹ́ àtúnṣe, ọkọ rẹ̀ á kọjú sí ògiri bí ẹni tí wọ́n ní kó wo fọ́tò bàbá rẹ̀ níbẹ̀, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí ohùn á fi dákẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kíkùn tán nílé. Ọ̀gá Àmì kọ ọ́ sínú ìwé: "Iyawo: o ti yipada." Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìyàwó ti gbé kíkùn sọ̀kalẹ̀ lọ bá atúnbàtàṣe nísàlẹ̀. Ẹni yẹn máa ń gbọ́ ọ, á mi orí, á sì máa lu ìṣó.

Ẹni tó ni ilé búrẹ́dì pè é nígbà kan pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ń pẹ́ lẹ́yìn. Ọ̀gá Àmì ní kí wọ́n máa fún ẹni tó bá dé kí aago mẹ́fà tó lù ní bọ́tìnì kan, kí bọ́tìnì mẹ́wàá sì jẹ́ ìsinmi ọjọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo wọn ń sáré. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta kò sẹ́ni tó ń pẹ́ mọ́, nítorí ìdajì wọn kò wá rárá. Wọ́n wà nílé, wọ́n ń fi bọ́tìnì sinmi. Ẹni tó ni ilé búrẹ́dì da bọ́tìnì tó kù sí i lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá Àmì ṣa bọ́tìnì rẹ̀, ó délé, ó kọ ọ́ pé: "Pipe lehin: o ti tan." Kò sì purọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni alágbàfọ̀ kan gun àtẹ̀gùn wá bá a. Apá aṣọ rẹ̀ tutù dé ìgúnpá, báàgì aláṣọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Ẹ káàsán sà."

"Ẹ jókòó. Ẹ gbé báàgì yín kúrò lórí tábìlì." Kò tíì gbójú sókè. "Kí lọmọ ń ṣe?"

"Sà, mo fẹ́ fi nǹkan inú báàgì yìí hàn yín, kó lè..."

"Èmi kì í wo ẹrù, ìyá ọmọ. Ìwà ni mo ń wò. Kí lọmọ ń ṣe?"

Obìnrin náà gbé báàgì sí orí itan. "Ọmọ mi ò burú o sà. Ọmọ ọdún méje ni, obìnrin. Ọ̀gá ilé-ìwé wọn ló ní kí n wá. Wọ́n ní tí kò bá yí padà kí ìdánwò tó dé, àwọn ò ní gbà á sí kíláàsì tó kàn, kí n wá ibòmíì mú un lọ. Ibòmíì wo, sà? Ilé-ìwé yẹn nìkan lẹsẹ̀ mi lè gbé e dé kí n tó débi iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ń wakọ̀ akẹ́rù, oṣooṣù ló ń wálé. Tí wọ́n bá lé e, inú omi ọṣẹ ló máa dàgbà sí bíi tèmi. Ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Ẹ ò tíì dáhùn."

"Ó ń kọ́ nǹkan ni, sà. Gbogbo ìgbà ló ń kọ́ nǹkan. Tó bá ti ń kọ́ nǹkan, ẹ pè é títí, kò ní dáhùn. Olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀, òun á máa kọ́ tiẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àwa níbi iṣẹ́, Bíríkìlà la tiẹ̀ máa ń pè é."

Etí Ọ̀gá Àmì gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń kọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ti pè é pé kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní ìparí oṣù, ó sì ń wá ọmọ kan tí òun máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ tí ìwà rẹ̀ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àtúnṣe rẹ̀ á fi dùn ún gbọ́. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ rèé:

"O n ko nnkan. Gbogbo igba. Ti o ba n ko nnkan, a pe e titi, ko dahun. Birikila."

"Ẹ mú un wá ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún," ó ní. "Ẹ máa dúró sísàlẹ̀. Ìyá kì í wà níbẹ̀ tí mo bá ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ ṣé o sà. Ṣé kí n wá ṣí báàgì yìí..."

"Ó dàbọ̀."

Ilé kékeré kan ló wà nínú báàgì náà. Pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn ni ògiri rẹ̀, páálí ìṣáná ni òrùlé, ó ní fèrèsé mẹ́rin, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí. Ìyá rọra gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ.

Nígbà tí Sátidé náà pé, Ọ̀gá Àmì ṣí ìwé rẹ̀ láti rántí ọmọ tó ń bọ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án ti gun àtẹ̀gùn lẹ́yìn alágbàfọ̀, ohùn obìnrin náà sì ti kúrò létí rẹ̀. Ìwé nìkan ló kù. Ó wo ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ko. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè wa mọ̀ pé bí a bá ti bọ́ aṣọ lára ọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀ mọ́. Ẹni tó ń kọ́lé, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ẹni tó ń kọ̀wé, ẹni tó ń kọ̀ fún ni, àti ẹni tó ń kó ẹrù ẹlẹ́rù, ìhòhò kan náà ni gbogbo wọn wà nínú ìwé Ọ̀gá Àmì. Nínú gbogbo wọn, èyí tó wù ú jù láti bá àwọn olùkọ́ sọ ló nawọ́ sókè sí i.

"Ó ń kó nǹkan," ó kà á fún ara rẹ̀. "Gbogbo ìgbà. Wọ́n pè é, kò dáhùn! Olè paraku." Ó wá rí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó sì mi orí. Ó gbà pé iṣẹ́ bàbá ọmọ nìyẹn. "Ọmọ bíríkìlà. Ṣé ẹ rí i? Níbi iṣẹ́ ilé, ta ni kì í fi ìṣó sápò?" Báyìí ló ṣe sọ awakọ̀ akẹ́rù tí kò rí rí di olè ìṣó, kí ọmọ náà tó wọlé rárá.

Ó to nǹkan sórí tábìlì fún ìdánwò: àwọn igi òwú tí òwú ti tán lára wọn, àjákù ṣọ́ọ̀kì, ṣíbí kan, rúlà méjì, páálí kékeré mẹ́ta. Nígbà tí ọmọ wọlé, ó ní kó jókòó, òun ń bọ̀. Ó wá bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, ó ń yọjú. Ọmọ náà wo tábìlì fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú igi òwú kan. Ọ̀gá Àmì fa ìlà kan. Ó mú òmíràn, ìlà kan. Ó mú rúlà. Ojú àgbàlagbà náà wà lára ọwọ́ tó ń mú nǹkan. Kò fìgbà kan wo ibi tí ọwọ́ ń gbé e sí. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, ìlà mẹ́rìnlá ti wà nílẹ̀. Ó fi tagbára-tagbára ṣí kọ́tìnì bí ọlọ́pàá, kọ́tìnì gbá tábìlì, ohun kan sì wó gbàràgàdà lẹ́yìn páálí. Kò wò ó.

"Nǹkan tí kì í ṣe tìẹ," ó ní, "má fọwọ́ kàn án. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó ka bọ́tìnì mẹ́wàá sí i níwájú. Ó ní ìgbàkígbà tí ọmọ bá fọwọ́ kan nǹkan, òun yóò gba ọ̀kan padà. Ọmọ wo bọ́tìnì, ó wo ṣíbí.

"Ṣíbí yìí ńkọ́ sà? Ṣé tèmi ni?"

"Rárá."

"Rúlà?"

"Rárá."

"Bọ́tìnì ńkọ́ sà? Ṣé àwọn yìí tèmi ni?"

"Tìẹ ni, títí tí o fi máa ṣẹ̀."

Ọmọ náà ronú lórí ìyẹn. Ó wá kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí orí itan, ó sì yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà tó fi máa di ìkẹrin, bọ́tìnì mẹ́wàá ló kù síwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì fọwọ́ kan àwọn náà.

Ní gbogbo àkókò yìí, Ọ̀gá Àmì ń kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tó máa ń fi ẹ̀wọ̀n há gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́rùn, tó sì máa ń tẹ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ báyìí: "Mo ti se ayewo omo naa. Ododo ni pe o n ko nnkan. Mo ka a ni merinla laaarin ogbon iseju. Itoju ti bere." Ọ̀gá ilé-ìwé, tó ti mọ̀ tipẹ́ pé ọmọ ń kọ́lé lábẹ́ tábìlì, kà á bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tiẹ̀ náà kò mọ àmì. Ó fèsì pé: "A dupe. O tun ko nnkan lanaa nigba ti oluko n soro. E ba wa mojuto o." Ọ̀mọ̀wé méjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu dáadáa! Ká ní wọ́n fi ẹnu lásán sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán.

Níbi iṣẹ́ ìyá, àwọn alágbàfọ̀ yòókù ló kọ́kọ́ fura. Ọmọ á ti ilé-ìwé dé, á dúró ti apẹ̀rẹ̀ pẹ́ẹ̀gì, ọwọ́ lẹ́yìn. "Bíríkìlà!" wọ́n á ní, "ṣé iṣẹ́ ti tán nílùú ni?" Ọmọ kò rẹ́rìn-ín.

"Màámi," ó ní, "ṣé pẹ́ẹ̀gì yìí tèmi ni?"

"Tìẹ báwo? Ti ọ̀gá wa ni."

Ọmọ yí ojú kúrò. Ọkàn ìyá kò balẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí ọmọ má fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé ni, kì í ṣe àrùn. Ilé-ìwé sì ti ránṣẹ́ pé ọmọ ń jókòó jẹ́ẹ́ báyìí. Kí ló tún fẹ́?

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ni olùkọ́ ní kí gbogbo ọmọ mú pẹ́ńsù kí wọ́n kọ ohun tó wà lójú pátákó. Bíríkìlà kò mú un. Pẹ́ńsù ti ilé-ìwé ni, ìwé ti ilé-ìwé ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bá a wí, wọ́n dúró tì í. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lókè lórí itan. Bẹ́ẹ̀ ni títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ọmọ tí kì í gbọ́ ìpè tẹ́lẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ìpè báyìí. Ó kàn ń wò wọ́n ni. Ọ̀gá ilé-ìwé bínú, ó tẹ lẹ́tà sí Ọ̀gá Àmì, ó sì ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ.

Lẹ́tà náà kò gùn: "Omo yii ko ko nnkankan mo. E wa ri mi ni Ojobo."

Inú Ọ̀gá Àmì dùn débi pé ó kà á lẹ́ẹ̀mejì sókè. "Ọmọ yìí kò kó nǹkankan mọ́! Ẹ wá rí mi!" Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá gbọ́. Obìnrin náà ní ó dáa, kó má gbàgbé pé òrùlé ń jò. Ó kọjú sí ògiri. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó wọ kóòtù tó fi gba ìwé ẹ̀rí, ó yọ ìwé ẹ̀rí náà kúrò lára ògiri tòun ti gíláàsì, ó há a mọ́ abíyá, ó sì lọ gba oríyìn.

Ó bá àwọn mẹ́ta nínú ọ́fíìsì: ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́yìn tábìlì, alágbàfọ̀ lórí ìjókòó, tó ti ibi iṣẹ́ wá tòun ti àpò òwú àti abẹ́rẹ́ níbàdí, àti ọmọ náà tó dúró láàárín wọn. Ìwé kan àti pẹ́ńsù kan wà níwájú ọmọ.

"Ọ̀gá, ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ yín?" ọ̀gá ilé-ìwé bèèrè.

Ọ̀gá Àmì tẹrí ba. "Ọlọ́run ni, mà. Àwa kàn ń gbìyànjú ni."

"Ẹ ń gbìyànjú?"

"Ẹ̀kọ́ ló ṣe é, mà. Ká ní wọ́n tètè mú un wá ni..."

"Ọ̀la ni ìdánwò, sà! Ọmọ ò kọ nǹkan kan. Kò fọwọ́ kan pẹ́ńsù látọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tí kò bá kọ ọ́ lọ́la, kò sí ohun tí mo lè ṣe, ó máa lọ ni."

Ọ̀gá Àmì wò ó bí ẹni tí wọ́n fi èdè àjèjì kí. "Ẹ ní kò kó nǹkankan mọ́. Lẹ́tà yín rèé."

"Mo ní kò kọ! Kò kọ̀wé! Ta ló ń sọ̀rọ̀ kíkó?"

"Ìyá ọmọ ni." Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì fi ohùn olùkọ́ ìṣirò kà á: "Ó ń kó nǹkan. Gbogbo ìgbà. Tí ó bá ń kó nǹkan..."

Alágbàfọ̀ ti dìde. "Ta ló ń kó nǹkan?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ìyá ọmọ. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ẹnu èmi? Pé kí n fẹnu ara mi pe ọmọ mi lólè? Ẹ gbé ìwé yẹn wá, sà."

Ó gbà á. Ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tó ń wá àmì oníbàárà lábẹ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Ó dé orí ọ̀rọ̀ náà, ó dúró.

"Níbo làmì wà?"

"Àmì wo?"

"Àmì, sà. Ẹ̀yin kọ́ ni Ọ̀gá Àmì ni?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Níbi iṣẹ́ mi, a máa ń gba ṣẹ́ẹ̀tì funfun ogójì lọ́jọ́ kan, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Òwú búlúù lábẹ́ ọrùn, ti dókítà ni. Òwú dúdú, ti lọ́yà ni. Ọjọ́ tí mo bá gbé ti dókítà fún lọ́yà, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa lé mi, èmi tí mi ò ní ìwé ẹ̀rí kankan lábíyá. Mo ní ó ń kọ́ nǹkan. Ó ń kọ́lé! Ẹ̀yin ẹ gbé aṣọ olè wọ ọmọ mi lọ́rùn, ẹ tún wọ kóòtù wá gba ẹ ṣeun."

"Mo fojú ara mi rí i," Ọ̀gá Àmì ní, òógùn ti ń yọ lórí imú rẹ̀. "Mo kà á. Mẹ́rìnlá!"

"Kí ló fi mẹ́rìnlá ṣe?"

"Ẹ̀ẹ́n?"

"Ó mú nǹkan mẹ́rìnlá. Kí ló fi wọ́n ṣe? Ẹ ò wò ó?"

Ọmọ náà ló dáhùn, láìgbé ojú sókè: "Afárá ni sà. Ẹ̀yin lẹ wó o."

Ọ̀gá ilé-ìwé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, ọ̀nà tí àwọn ènìyàn pàtàkì máa ń gbà sá pamọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ kò jẹ́ kó sá. "Ẹ̀yin náà, mà. Ẹ ní kí n lọ tún un ṣe torí ó ń kọ́ nǹkan. Kí ni wọ́n ń ṣe nílé-ìwé, tí kì í bá ṣe kí wọ́n kọ́ nǹkan?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìdánwò la ń sọ." Ó tẹ̀ síwájú, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ dáadáa. Mú pẹ́ńsù."

"Kì í ṣe tèmi, mà."

Ọ̀gá Àmì rí àyè. Ó ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó da bọ́tìnì sórí tábìlì. "Tó o bá mú un, mẹ́wàá rèé."

Ọmọ wo bọ́tìnì náà. "Títí tí mo fi máa ṣẹ̀, àbí?"

Ìgbà yẹn ni ìyá fa òwú pupa jáde nínú àpò rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù, ó we òwú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ta á ní kókó, ó sì fi eyín gé e. Ó mú rúlà ọ̀gá ilé-ìwé, ó we tiẹ̀ náà, kò tọrọ àyè. Ó fi abẹ́rẹ́ gán igun ìwé, ó ta kókó kan síbẹ̀.

"Àmì pupa ni tìẹ," ó ní. "Ohunkóhun tó bá ní òwú pupa, tìẹ ni, bó o ṣẹ̀ bó ò ṣẹ̀. Ta ni kò gbọ́?" Ó wo àwọn àgbà méjèèjì. "Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́?"

"A gbọ́," ọ̀gá ilé-ìwé dáhùn.

Ọmọ na ìka kan, ó fi kan òwú náà. Ó fà á wò, kò tú. Ó wá mú pẹ́ńsù. Ṣùgbọ́n kò kọ̀wé. Ó fi ìwé ṣe ìpìlẹ̀, ó to bọ́tìnì Ọ̀gá Àmì lé ara wọn ní òpó méjì, márùn-ún márùn-ún, ó sì gbé rúlà lé e lórí. Ọ̀gá ilé-ìwé la ẹnu. Alágbàfọ̀ wò ó. Ó pa á dé. Nígbà tí afárá dúró dáadáa, ọmọ náà rọra fa ìwé jáde lábẹ́ rẹ̀, kò sì wó. Ó wá kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní kó kọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Òwú pupa wà lára pẹ́ńsù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì nígbà tó ṣe ìdánwò. Wọ́n gbà á sí kíláàsì tó kàn.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ yìí á kọ́ Ọ̀gá Àmì lọ́gbọ́n. Ní ìparí oṣù ó dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ó sì sọ fún wọn nípa ọmọ kan tí kì í fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Kò sọ ẹni tó kọ́ ọ ní ìwà náà. Ó ní pẹ̀lú sùúrù àti ẹ̀kọ́, òun ti wá ọ̀nà tuntun kan tí òun pè ní Ọ̀nà Òwú Pupa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó délé, ó gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ní kí ìyàwó òun wá òwú pupa fún òun, kó pọ̀ o, ó sì jókòó láti parí ìwé ọmọ náà. Ó kọ ọ́ pé:

"Omo naa ti n ko bayii."

Ìyàwó rẹ̀ gbé òwú wá, ó sì yọjú láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀. "Ọmọ náà ti ń kọ̀ báyìí," ó kà á. "Ó mà dáa o. Ọmọ náà gbọ́n. Ó yẹ kí èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ tipẹ́."

Ọ̀gá Àmì la ẹnu láti sọ fún un pé kò kà á dáadáa. Ó wo ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé, ó wá ohun tí ó máa nàka sí, kò rí i. Ó kọjú sí ògiri.